Jẹ́ Kí Ẹni Tó Pàdánù Dúró Nídìí Tábìlì

Oǹdó,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò ọ̀sán.

Akínwálé, Àkànbí ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ jókòó kà á. Má kà á lórí ìdúró bí ẹni ń ka ìkéde lára ògiri. Mo mọ̀ pé a ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀ àlàyé ni o rẹ́rìn-ín, o ní, "Mọ́mì, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi. Wọn kì í ṣe aláìsàn yín." Mo fi í sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò fi mí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú bébà. Bébà kì í fi ẹ̀rín já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni.

Inú èmi àti bàbá rẹ dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ. Kí yunifásítì fi ọmọ ẹni ṣe olùkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá sinúkà, kí wọ́n sì fún un ní gbọ̀ngàn àti tábìlì méjì, kì í ṣe ohun kékeré. Bàbá rẹ ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àwọn tó máa ń jókòó sí àga ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọ̀dọ̀ òun lo ti jogún ọwọ́ náà. Ọ̀rọ̀ wà lórí èyí, màá dé ibẹ̀.

Ohun tó ká mi lára ni ohun tí o ní o fẹ́ ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. O ní ọmọbìnrin márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ rẹ, pé wọn kò lè bá àwọn ọkùnrin dọ́gba, pé o fẹ́ dá wọn dúró kí àwọn ọkùnrin lè máa lo tábìlì méjèèjì títí ìdíje yóò fi dé. O dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, Mosúnmọ́lá. O ní kì í pa ọjọ́ kankan jẹ, síbẹ̀ àwọn ọmọkùnrin ń nà án ṣáá. O wá sọ ọ́ pẹ̀lú àánú pé, "Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, Mọ́mì. Bí Ọlọ́run ṣe dá apá wọn ni."

Àkànbí, gbólóhùn yẹn gan-an ni èmi náà sọ nígbà tí mo wà ní irú ọjọ́ orí rẹ, èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa apá. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ kí Sátidé tó dé.

O mọ̀ pé Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Oǹdó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé nígbà náà, àwọn aláìsàn sì ń pè mí ní dókítà afọwọ́wọ́ra. Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí ìjọba ní ká fún ṣòkòtò mọ́dìí, tí okùn ṣòkòtò gan-an sì di ọ̀wọ́n. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń bọ́ sókè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tó ń yọ́ jáde nínú ìsìn kí ìwàásù tó parí. Àwa tó ṣẹ́ kù ní ibi ìgbafẹ́ kan ṣoṣo, klọ́ọ̀bù àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí tábìlì sinúkà kan wà tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé.

Aṣọ tó bo tábìlì náà ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan, kò sì sí ẹni tó lè ra òmíràn láti ìlú òyìnbó. Ọ̀rẹ́ mi Bọ́sẹ̀dé ló wá ojútùú sí i. Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó máa ń mú ẹ̀pà wá fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré ni mò ń wí. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ilẹ̀kùn ilé wa sì kọjú síra. Ó mú ègé aṣọ yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, ó fi lẹ ibi tó ya. Àwọ̀ bára mu, ṣùgbọ́n aṣọ náà nípọn ju ti tábìlì lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá gba orí irépé náà kọjá, á máa fà bí ẹni tó wọ inú ẹrẹ̀. Fi irépé aṣọ yìí sọ́kàn.

Èmi àti Bọ́sẹ̀dé nìkan ni obìnrin tó ń lọ síbẹ̀. Omi òróńbó tútù ló ń gbé èmi lọ, sinúkà ló ń gbé e lọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, bó bá ń gé iṣu nílé, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti ègé kan kó lè lọ gbá èkejì. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ klọ́ọ̀bù wa máa ń lọ bá àwọn ti Àkúrẹ́ figagbága, ohun tí Bọ́sẹ̀dé sì ń fẹ́ láyé ni pé kí wọ́n mú òun dání. Àwọn ọkùnrin kò bá a jà. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni. "Ẹ jẹ́ kí tíṣà gbá tirẹ̀," wọ́n á ní, "ká lè tètè padà sídìí ọ̀rọ̀ gidi." Bàbá rẹ, tí kò tíì di bàbá ẹnikẹ́ni nígbà náà, ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn. Òun náà ló sì máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Èmi wá fi ìmọ̀ mi dá sí i. Mo fa apá Bọ́sẹ̀dé, mo tẹ̀ ẹ́, mo wọ̀n ọ́n, mo ní, "Ibi tó kù sí nìyí. Èjìká rẹ kò lágbára tó ti ọkùnrin."

Ó wò mí. "Dókítà, èmi ni mò ń gún iyán fún ìyá mi àti àwọn àbúrò mi lójoojúmọ́ ayé, nílùú Oǹdó níbí. Èwo nínú àwọn ọkùnrin yẹn ló ń gúnyán?"

Ó yẹ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. N kò gbọ́. Mo kó yanrìn sínú àpò, mo ní kó máa gbé e sókè lówùúrọ̀ àti ní àṣálẹ́. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a padà sí klọ́ọ̀bù. Bọ́sẹ̀dé fi gbogbo agbára yanrìn náà gbá bọ́ọ̀lù funfun. Bọ́ọ̀lù fò kúrò lórí tábìlì, kò bá ara rẹ̀ níbòmíràn àfi inú abọ́ ẹ̀pà bàbá rẹ. Bàbá rẹ wo inú abọ́ náà, ó wo Bọ́sẹ̀dé, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun o. Ẹ̀pà ni mo béèrè, ẹ tún fi ẹyin sí i."

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ mi ti wá. Ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ara ọkùnrin àti ara obìnrin kò yàtọ̀. Bí a bá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ jọ, iṣan èjìká ọkùnrin sábà máa ń nípọn jù. Èyí wúlò níbi ìgbá àkọ́kọ́, nígbà tí gbogbo bọ́ọ̀lù ṣì wà pa pọ̀ tí a fẹ́ tú wọn ká. Ẹni tó bá tú wọn ká dáadáa lè rí ọ̀kan kó wọ ihò, kí ọ̀nà sì là fún un. Ẹni tó bá ga, apá rẹ̀ á dé àárín tábìlì láìlo igi olórí irin tí a fi ń gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù ẹni dúró. Mo gbà.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré là ń tú bọ́ọ̀lù ká nínú eré. Gbogbo ìgbá yòókù ńkọ́? Di igi rẹ mú bí o ti ń ka èyí, kí o wò ó fúnra rẹ. Èjìká rẹ dúró jẹ́ẹ́. Láti ìgbọ̀nwọ́ wá sílẹ̀ nìkan ló ń mì, bí okùn garawa tó so rọ̀ nínú kànga. Bí èjìká bá ti dá sí i, igi á yà. Ohun tí eré náà ń béèrè ni pé kí ọwọ́ gba ojú ọ̀nà kan náà lọ, kó gba ibẹ̀ bọ̀, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó rọra. Àwọn àgbà ní mọ̀-ọ́n-gún, mọ̀-ọ́n-tẹ̀ kì í jẹ́ kí iyán ewùrà lẹ́mọ. Wọn kò sọ pé agbára ni. Wọ́n tún ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tó gùn àti ọwọ́ tó rọ̀, iṣẹ́ wà fún méjèèjì lórí tábìlì yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀pà, mo da yanrìn nù. Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe, mo jókòó, mo sì ń wò ó bí mo ṣe máa ń wo ìrìn aláìsàn, láti orúnkún dé ọrùn. Mo rí ohun kan. Nígbà tí èmi nìkan wà nítòsí, Bọ́sẹ̀dé á tẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, àgbọ̀n rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Bí àwọn ọkùnrin bá ti wọlé tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, kò ní tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdúró rẹ̀ á ga, ojú rẹ̀ á jìnnà sí ìlà igi, orí rẹ̀ á sì gbé sókè kí bọ́ọ̀lù tó kúrò níbi tó wà. Orí tó bá gbé sókè, ó ti fa èjìká dání. Bọ́ọ̀lù ò ní wọlé.

Mo bi í bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún.

"Ẹ̀yìn ò dùn mí," ó ní. "Síkẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀, àwọn èèyàn sì dúró sẹ́yìn mi. Ṣé ìwọ á tẹ̀ síwájú wọn báyìí?"

Mo ronú sí i. Mi ò ní lè tẹ̀.

Wò ó, ọmọ mi, èyí kò sí nínú ìwé tí mo kà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbá sinúkà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àwọn tó wà nínú yàrá, kó sì gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀. Ọkùnrin lè gbàgbé. Obìnrin tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé kó jókòó dáadáa, kó fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ báyẹn, báwo ni yóò ṣe gbàgbé? Ìdajì ọkàn rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀lù, ìdajì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kó tó di pé o sọ pé Mosúnmọ́lá kò mọ̀ ọ́n gbá, lọ wo ibi tí orí rẹ̀ wà nígbà tí ó dá wà àti nígbà tí yàrá kún. Bí ó bá yàtọ̀, apá kọ́ ni. Jẹ́ kí wọ́n wọ ṣòkòtò, kí o sì ṣòfin pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn ẹni tó ń gbá, ọkùnrin tàbí obìnrin. Kí àwọn tó ń wòran wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kan ṣoṣo.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ti ń sún mọ́ báyìí.

Ọdún kan wà tí epo mọ́tò di àwátì. O kò lè mọ̀ bó ṣe rí. Àwọn ọkùnrin klọ́ọ̀bù wa tó ní mọ́tò ń gbé orí ìlà ilé epo bí ẹni ń gbé ilé bàbá rẹ̀, àwọn tí kò ní mọ́tò ń bá ọ̀gá wọn tò. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ìlà ló kàn. Klọ́ọ̀bù dá páropáro. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á kàn ṣílẹ̀kùn, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa tòògbé. Èmi àti Bọ́sẹ̀dé la ni tábìlì.

Ohun tó ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ṣì ń rí i. Á gbé bọ́ọ̀lù kan síbi kan, á gbá a. Bí kò bá wọlé, á gbé e padà síbi tó wà, á tún gbá a. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé, "Tíṣà, ó tó." Kò sẹ́ni tó ń dúró de àyè. Ó kọ́ irépé aṣọ ọjọ́sí bí ẹni kọ́ ojú ọ̀nà oko. Ó mọ bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe fà bó bá gba àárín rẹ̀ kọjá, àti bí yóò ṣe yà bó bá gba etí rẹ̀. Èmi tí mo ń lọ torí òróńbó gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rí bọ́ọ̀lù méjì gbá wọlé tẹ̀lé ara wọn.

Nígbà tí epo padà, àwọn ọkùnrin padà. Bàbá rẹ gbé igi rẹ̀, ó na ara, ó ní, "Tíṣà, ẹ wá ká tètè ṣe é." Bọ́sẹ̀dé ṣe é. Ó nà án. Ẹlòmíràn bọ́ síwájú, ó na òun náà. Òmíràn tún bọ́ síwájú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà klọ́ọ̀bù wa, tí mo mọ̀ pé ó wà ní gbogbo ìdí sinúkà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó títí dòní, ẹni tó bá borí ló ń dúró, ẹni tó bá pàdánù á fi igi sílẹ̀, á lọ jókòó. Nítorí náà Bọ́sẹ̀dé dúró. Ó dúró títí tí bẹ́ńṣì fi kún fún ọkùnrin.

Bàbá rẹ wá dìde. Ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò pé ó yẹ ká ṣòfin tuntun. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì, kó sinmi díẹ̀, kí àwọn yòókù náà lè rí gbá."

Bọ́sẹ̀dé kò bínú. Ó fi igi rẹ̀ tilẹ̀ bí ọ̀pá. "Ọ̀gá," ó ní, "láti ìgbà tí mo ti ń jókòó lórí bẹ́ńṣì yẹn, ibo ni òfin yìí wà?"

Bàbá rẹ ń wo ṣọ́ọ̀kì. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti ẹ̀yìn mi kà á, ó ní kí n pa á rẹ́. Mo ní mi ò ní pa á rẹ́. Ó ní kí n sì kọ ọ́ pé òun ra mínírà fún Bọ́sẹ̀dé lọ́jọ́ náà. Ó rà á. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé òfin tí kò dárúkọ ọkùnrin tàbí obìnrin lè máa yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ẹni tó bá borí ló ń dúró." Ó dà bí òfin tó tọ́, àbí? Ṣùgbọ́n bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbá ló ń gbá jù, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ló ń jókòó jù. Ọmọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ní ìdí sinúkà etí títì. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì òun náà, ó jìyà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó láyè láti jókòó. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ta ló ń dáná. Nígbà tí ó bá fi dé yunifásítì, ó ti kúrò lórí bẹ́ńṣì tipẹ́. Ọmọbìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Ó gbá ẹ̀ẹ̀kan, ó pàdánù, ó jókòó. Kí ó tó tún kàn án, ó ti di àṣálẹ́, ó ń lọ sílé. Lójoojúmọ́ ló wá lóòótọ́, bí o ti wí. Ṣé lójoojúmọ́ ló gbá? Lọ wo èyí dáadáa kí o tó dá mi lóhùn. Wíwá sídìí tábìlì yàtọ̀ sí gbígbá bọ́ọ̀lù.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí ojú. Bí èèyàn bá ní oko ńlá tó kún fún ebè, tí ẹlòmíràn sì ní ebè díẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí a ní kí àwọn méjèèjì mú iṣu tó tóbi jù wá, iṣu ta ni yóò tóbi jù? Ti olóko ńlá ni, nígbà púpọ̀, bí ilẹ̀ méjèèjì tiẹ̀ dọ́gba. Ṣé a wá lè sọ pé ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé kò dára? Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló ń gbá sinúkà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù nínú ọ̀pọ̀ yẹn lo ń gbé síwájú àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tí o ní. O ń fi iṣu tó tóbi jù nínú oko wé iṣu ẹ̀yìn ilé, o wá ń dá ilẹ̀ lẹ́bi.

O lè wá bi mí pé, bí a bá mú gbogbo èyí kúrò, bẹ́ńṣì, síkẹ́ẹ̀tì, àti iye ebè, ṣé ìyàtọ̀ kankan á ṣẹ́ kù? Mi ò mọ̀. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ó lè kù díẹ̀, ó lè má kù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a kò tíì mú wọn kúrò rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ mi, bí aláìsàn bá ń tiro, tí òkúta sì wà nínú bàtà rẹ̀, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. A máa ń kọ́kọ́ bọ́ bàtà.

Wọ́n mú Bọ́sẹ̀dé lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dún náà. Kò sí bí wọn ò ṣe ní mú un. Mo bá wọn lọ, torí ìlú mi ni. Yàrá kún. Ó gbá a débi pé bọ́ọ̀lù dúdú tó kẹ́yìn nìkan ló kù, tó bá wọlé, ó ti borí. Ó tẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan wá ti ẹ̀yìn sọ ọ́ ní èdè wa, èdè tí mo gbọ́ láti inú oyún, pé, "Tíṣà, ọbẹ̀ rẹ ń jóná núlé o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí orí rẹ̀ gbé sókè. Bọ́ọ̀lù dúdú kan etí ihò, ó sì jókòó síbẹ̀.

Méjì nínú àwọn ọkùnrin wa náà pàdánù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí mọ́tò dúró ní Òwénà ká ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé. Wọ́n ní ti ọ̀kan, ibà ló ń ṣe é. Wọ́n ní ti èkejì, iná yàrá náà kò mọ́lẹ̀. Wọ́n dé orí ti Bọ́sẹ̀dé, wọ́n ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin ni." Bí ọkùnrin bá pàdánù, orúkọ rẹ̀ nìkan ló pàdánù. Bí obìnrin bá pàdánù, gbogbo obìnrin ló pàdánù. Ẹrù yẹn wúwo ju yanrìn mi lọ, Akínwálé, òun nìkan ló sì rù ú. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé e lọ kọ́ni ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ níbi tí kò sí tábìlì. Kò sí obìnrin mìíràn tó gba ipò rẹ̀ ní klọ́ọ̀bù. Àwọn ọkùnrin sì rí i bí ẹ̀rí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Sátidé fi ń kọ mí lóminú. Bí o bá dá àwọn márùn-ún yẹn dúró, ẹni tó bá jẹ olùkọ́ lẹ́yìn rẹ yóò débẹ̀, kò ní bá ọmọbìnrin kankan, yóò sì sọ pé, "Ẹ wò ó, wọn kì í gbá a." Ìwọ ni yóò ti ṣe ẹ̀rí náà fún un.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe kò le. Fi tábìlì kejì sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n wá ní ọ̀sán tí kíláàsì bá parí, má jẹ́ kó di àṣálẹ́. Kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù kan náà padà síbi kan náà títí ọwọ́ á fi mọ ọ̀nà. Bí ó bá tó àkókò kan, kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn ọkùnrin, torí ẹni tí kò bá gbá níwájú èrò báyìí kò ní lè gbá níwájú èrò lọ́jọ́ ìdíje. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọbẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ìwọ ni kí o dá a lóhùn, kó má jẹ́ ẹni tó ń gbá. Nígbà ìdánrawò, yí òfin bẹ́ńṣì po. Ẹni tó bá borí, kó lọ jókòó, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá pàdánù ni kó dúró, òun ló ní nǹkan tó fẹ́ kọ́. Yóò wúlò fún àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó jù náà, wàá rí i.

Mo lọ sí Oda lánàá, níbi tí Bọ́sẹ̀dé ń gbé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ rẹ fún un.

"Ó ní apá wọn ni?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Ọmọ Dókítà ni lóòótọ́." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Sọ fún un kó wá bá mi gúnyán lọ́jọ́ kan. Ká jọ mú ọmọrí odó, ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ pé ó rẹ òun."

Ó wá wọ yàrá, ó mú igi rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti nù ún. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní, "Ṣé kó fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn?" Ó ní rárá o, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù á ti ní igi.

Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ló mú un dání, mo fi aṣọ wé e. Ní Sátidé, jẹ́ kí Mosúnmọ́lá bá èyíkéyìí nínú àwọn ọkùnrin rẹ gbá. Ó ṣeé ṣe kó pàdánù. Nígbà tó bá fẹ́ fi igi sílẹ̀, tó ti kọjú sí bẹ́ńṣì, fi ti Bọ́sẹ̀dé lé e lọ́wọ́, kí o sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé, "Má lọ jókòó. Ìwọ lo tún kàn."

Èmi ìyá rẹ ni, tó máa ń bọ́ bàtà kó tó wo ẹsẹ̀.